Àdàbà Orí Afẹ́fẹ́

Orí òpó irin ni ìfẹ́ ti bá a, níbi tí ènìyàn kò ti lè sá.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni ó ń ri òpó mọ́lẹ̀ fún àwọn olùfẹ́ rédíò, àwọn tó máa ń jókòó sínú yàrá wọn, tí wọ́n á máa bá ẹni tí wọn kò rí rí sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, kì í ṣe pé wọ́n ń tajà, ó kàn wù wọ́n ni. Bí òpó bá ti dúró, Ọ̀kẹ́rẹ́ á gùn ún, á so éríà, irin tó ń gba ohùn, mọ́ orí rẹ̀, á fa wáyà rẹ̀ wọlé, á sì sọ̀kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé òun kò mọ̀ bóyá ọmọ ènìyàn lòun bí tàbí ọmọ ẹyẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, òpó tuntun ti Alága ni ó wà. Alága ni olórí ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ rédíò, àgbàlagbà tó ga, tó sì tín-ín-rín bí òpó tó ń fẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti fi bẹ́líìtì so ara rẹ̀ mọ́ irin, ó ti de éríà tán, oòrùn sì ń wọ̀ lọ́wọ́. Ó so rédíò ọwọ́ rẹ̀ mọ́ éríà náà láti dán an wò.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ rèé o, lórí òpó tuntun. Ṣé ẹnikẹ́ni ń gbọ́ mi?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un wí. Ìgbà náà ni ohùn obìnrin kan jáde, ó rọ̀, ó sì sún mọ́ ọn bí ẹni pé olóhùn jókòó sórí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ń gbọ́ ọ, Ọ̀kẹ́rẹ́. Àdàbà nìyí. Kí lo ń ṣe lórí òpó nígbà tí àwọn ẹyẹ ti ń wọlé sùn?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mo ń wá ẹyẹ tí kò tíì wọlé."

"O ti rí i. Ó yá, sọ̀kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú bá ọ lórí irin."

"Bí mo bá sọ̀kalẹ̀, ṣé mo tún lè gbọ́ ohùn yín?"

"Bí oòrùn bá ti wọ̀, mo máa ń wà níbí," ló wí, ó sì lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó bá Alága ní ìdí òpó, ó dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Rédíò inú yàrá ti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Ta lo bá sọ̀rọ̀ tán yìí?"

"Àdàbà ló pe ara rẹ̀, Bàbá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Alága rọra jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. "Ọmọ mi, Àdàbà ti kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín."

Ó ṣàlàyé fún un. Nínú ẹgbẹ́ wọn, bí ẹnì kan bá kú, gbogbo wọn á tan rédíò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sin ín, Alága á sì pe orúkọ tí olóògbé ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́, ní ìgbà mẹ́ta. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á retí. Bí kò bá ti sí ìdáhùn, wọ́n ti tẹ́ orúkọ náà sùn nìyẹn. Alààyè kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ mọ́.

"Èmi ni mo pe Àdàbà," Alága wí. "Kò dá mi lóhùn."

"Bóyá ẹlòmíràn ló ń fi orúkọ náà ṣeré."

"Orúkọ ṣeé jí. Ohùn ńkọ́? Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń bá ohùn yẹn ṣàwàdà. Ohùn rẹ̀ ni, ọmọ mi."

Ẹni tó gbọ́n ì bá ti pa rédíò rẹ̀ tì láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé ìfẹ́ àti ọgbọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà?

Nígbà tí oòrùn wọ̀ lọ́jọ́ kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti jókòó ti rédíò nínú yàrá rẹ̀. Ohùn náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ṣókí sójú afẹ́fẹ́, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Àdàbà rèé. Mo wà dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun, kí ẹ sì tètè sùn." Ọ̀kẹ́rẹ́ rò pé gbogbo ayé ni ó ń kí bẹ́ẹ̀. Ó pè é.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Mà? Ṣé ohùn mi ti hu ewú ni? Ká sún sókè díẹ̀, etí ti pọ̀ jù níbí."

Wọ́n jọ yí ojú rédíò sókè, síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Wọ́n ní…" Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n ní o ti kú."

Ohùn náà wí pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo rò?"

"Mo rò pé òkú kì í pa ènìyàn lẹ́rìn-ín."

"Má gbójú lé e," ló fèsì. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sá jáde.

Kò sá. Ìrọ̀lẹ́ ń gorí ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sọ fún un bí òrùlé ìlú ṣe rí láti òkè, àti bí irin òpó ṣe máa ń móoru sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ ní ìyálẹ̀ta. Àdàbà náà á bi í pé, "Ṣé o yẹ àwọn wáyà tó fa òpó mú wò kí o tó gùn ún? Má purọ́ fún mi o." Láti ọjọ́ tí bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ ti papò dà, kò sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn, á rọra gbé etí lé rédíò bí ẹni gbé orí lé èjìká.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pẹ̀lú. Kí oòrùn tó wọ̀, bó bá pe Àdàbà títí di ọ̀la, kò ní jẹ́. Bó bá bi í níbi tó ń gbé, á ní, "Níbi tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í ti í fẹ́ jáde." Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ń yí éríà Alága kiri lọ́jọ́ kan láti mọ ibi tí ohùn náà ti ń ké jù, apá ibi tí itẹ́ òkú ìlú wà ló tọ́ka sí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ tó burú sí i lọ́kàn ju gbogbo ìyẹn lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Àdàbà, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ì báà ṣe ibikíbi lo wà."

Omijé wà nínú ohùn rẹ̀ nígbà tó dáhùn. "Ẹ̀yinjú mi, má wí bẹ́ẹ̀. Mi ò lè kúrò níbi tí mo wà." Ó sì kí i pé ó dàárọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè dìde. Ó yí rédíò padà síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, ó kàn fi í sílẹ̀ kó máa hó. Bí ó ti jókòó bẹ́ẹ̀, ohùn Àdàbà tún jáde, kò pe Ọ̀kẹ́rẹ́, ìbínú díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ. Ṣé o fẹ́ kí òtútù pa ọ́ ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wọ bàtà. Nígbà náà ni owú wọ inú ẹ̀rù rẹ̀: ọkùnrin wo ni Àdàbà ń bá wí bẹ́ẹ̀? Kò bi í lọ́jọ́ kejì, nítorí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá rẹ̀. Alága ló sọ fún un, tàánútàánú ló sì fi sọ ọ́. Obìnrin náà kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bọ́ bàtà tán.

"Ẹgbẹ́ rẹ ń fẹ́ ọmọ aráyé, ìwọ lọ ń fẹ́ ará ọ̀run!"

"Màámi, kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú pé òkú ni."

"Ta ló wá mọ̀ dájú pé alààyè ni? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohùn tí kò ní ojú, báwo ni n óò ṣe kí i káàbọ̀? Ṣé rédíò ni n óò máa pè ní ìyàwó mi?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú ìyá rẹ̀ ti kún fún omi.

"Bàbá rẹ lọ, mo fara dà á," ìyá rẹ̀ wí. "Ìwọ nìkan ló kù fún mi. Tí ohùn yẹn bá pè ọ́ pé kí o máa bọ̀ ńkọ́? Orí òpó lo máa ń wà, ọmọ mi. Ìṣísẹ̀ kan péré ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọ̀kẹ́rẹ́ lára. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Alága náà fi ránṣẹ́ pè é. "Ẹgbẹ́ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí," ó ní. "Òpó Àdàbà ṣì wà ní ilé ọkọ rẹ̀, ní ẹ̀yìn itẹ́ òkú. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni ọkùnrin náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo kànkùn títí, kò ṣí i fún mi. Bí òpó bá ṣì dúró, Àdàbà á máa rí ibi bà sí. Lọ bẹ ọkọ rẹ̀ kó jẹ́ kí o tú u, kí obìnrin náà lè sinmi."

"Èmi kọ́, Bàbá."

"Ìwọ ni o. Ta ló tún mọ òpó tú lágbègbè yìí?"

Ọ̀sán gangan ni Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, kó lè rí ojú ohun tó bá fẹ́ pàdé. Ilé kékeré kan ni, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń bó. Òpó náà yọrí lẹ́yìn òrùlé, ìtàkùn ti gùn ún dé ìdajì, àwọn wáyà tó fà á mú ti dípẹtà. Atẹ́gùn kankan kò fẹ́ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ wáyà wọ̀nyẹn ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń kọrin pẹ̀lú ẹnu pípadé.

Ó kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan ṣí i, ọṣẹ ìfọṣọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta lẹ ń wá?"

Ohùn náà ni. Ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà, bóyá ó kan ilẹ̀. Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà, ẹ̀yin náà ì bá wò ó. Ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀ dáadáa, sílípáàsì rẹ̀ kan pupa, èkejì aláwọ̀ ewé.

"Àdàbà," ó wí.

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ bo ẹnu. "Ọ̀kẹ́rẹ́? O mà ga ju ohùn rẹ lọ o."

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n di ọwọ́ rẹ mú."

Ó nawọ́ sí i. Ọwọ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi ọṣẹ sì wà lára rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò tètè fi í sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà fà á lọ sí ìdí òpó. Nígbà tó gbọ́ pé Alága ló rán an wá tú òpó náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá òun ni Àdàbà, ó ti kú lóòótọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá òun kò gbà pé ó lọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń jókòó ti rédíò kékeré tó wà ní pálọ̀, á ní, "Ìyàwó mi kò tíì sọ̀rọ̀?" Kò jẹun, kò sùn, ó ń gbẹ lọ. Tẹ́lẹ̀, ìyá òun a máa wà nínú yàrá rédíò tó wà lẹ́yìnkùlé, bàbá òun á sì máa gbọ́ ọ láti pálọ̀.

"Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo lọ jókòó sí àga ìyá mi," ọmọbìnrin náà wí. "Mo tẹ bọ́tìnnì, mo sì jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ará ilé wa ló máa ń sọ pé ohùn wa kò yàtọ̀. Bàbá mi jẹun lọ́jọ́ náà, Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó jẹun tán, ó sùn."

"Láti ìgbà náà ńkọ́?"

"Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni. Mo mọ̀ pé mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, bàbá mi á kú. Bí o bá sì tú òpó yìí, ìwọ lo pa á."

Ìdùnnú àti ìbànújẹ́ jọ gbá Ọ̀kẹ́rẹ́ mú. "Nítorí náà, òun lò ń sọ fún pé kó fa aṣọ bo ẹsẹ̀?"

"Aṣọ wo?"

"Lálẹ́ tí o kí mi pé ó dàárọ̀. O ní, 'Ìwọ ọkùnrin yìí, fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ.'"

Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé èmi ni n óò pe bàbá mi ní 'ìwọ ọkùnrin yìí'? Bí mo bá ti kí ọ tán, pípa ni mo máa ń pa ẹ̀rọ, tí mo sì máa ń ti yàrá náà. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

Àwọn méjèèjì gbójú sókè wo òpó náà. Wáyà ṣì ń kùn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ mú ọmọbìnrin náà lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ lójú ọ̀sán. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ fún un ní omi, ó sì wò ó bó ti ń mu ún títí omi fi tán nínú ife. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tó dá a lójú pé ẹran ara ni, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́, o sì mọ ìtọ́jú òbí," ó ní. "Ṣùgbọ́n o ń fi ẹnu alààyè jẹ́ orúkọ òkú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Fi orúkọ náà sílẹ̀, kí òpó yẹn wó, èmi fúnra mi á sì jó wọlé pẹ̀lú rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má retí mi."

Alága náà wí bákan náà. Ọ̀rọ̀ wá dojú rú. Bí ọmọbìnrin náà bá gbọ́ tìyá ọkọ, bàbá rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá gbọ́ ti bàbá rẹ̀, ó di pé kó máa fi ohùn gbé ilé ọkọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí afẹ́fẹ́. "Ààyò mi, fẹ́ ẹlòmíràn."

"N kò rí ẹlòmíràn."

"O kò wá a ni."

"N kò ní wá a."

Ó sunkún, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń gbọ́ ẹkún náà láìlè nawọ́ kàn án, ó sì dùn ún ju ohunkóhun lọ. Nígbà tí ẹkún tán, ọmọbìnrin náà wí pé, "Àwọn tó fẹ́ràn mi kò mọ ohùn tèmi. Bàbá mi rò pé ìyá mi ni mí, ìlú rò pé iwin ni mí. Ó rẹ̀ mí. Wá lọ́la, kí o tú éríà náà. Èmi ni n óò di okùn mú fún ọ. Bí ó bá ti kanlẹ̀, n óò wọlé lọ sọ òtítọ́ fún un."

Nínú iṣẹ́ òpó, ẹni tó di okùn mú nílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́ títí ohun tó wà lókè yóò fi kanlẹ̀. Bí eṣinṣin bà á lójú, kó fara dà á. Bí ẹnì kan pè é, kó má wẹ̀yìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́ ọ ní èyí kí ó tó gun òkè. Ó yẹ àwọn wáyà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ó mọ̀ pé ọmọbìnrin náà á bi í. Lẹ́yìn náà ni ó gùn ún, tó ń fi ọ̀bẹ gé ìtàkùn bó ti ń lọ.

Bóòtù tó so éríà mọ́ irin ti dípẹtà, ó pẹ́ kí sípánà tó lè yí i. Ó fa wáyà tó ń lọ sínú ilé yọ kúrò lẹ́nu éríà, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa rọ̀ dirodiro. Ó so éríà mọ́ okùn, ó tú bóòtù tó kẹ́yìn, éríà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Oòrùn ti ń wọ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá rédíò wà lápò ọmọbìnrin náà, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Rédíò kékeré tó wà ní pálọ̀ náà, ara éríà yẹn ló ti ń gbọ́rọ̀, kò sì sí ohun tó so wọ́n pọ̀ mọ́.

Láti ojú fèrèsé pálọ̀, ohùn obìnrin kan sọ̀rọ̀ ketekete.

"Ṣé o ti jẹun? Má purọ́ fún mi. Mo ń rí àwo rẹ látibí."

Ẹnu ọmọbìnrin náà wà ní pípadé. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i láti òkè. Ojú rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, okùn sì sáré, éríà fì, ó gbá òpó gbàgà.

"Di í mú!" Ọ̀kẹ́rẹ́ ké. "Olólùfẹ́ mi, má wẹ̀yìn! Èmi ni kí o wò!"

Ó di í mú. Okùn bó o lọ́wọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ojú Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń wò títí éríà fi kanlẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ bí òun ṣe sọ̀kalẹ̀. Ó gbá a mọ́ra, wọ́n sì jọ wọlé.

Bàbá náà jókòó sórí àga rẹ̀, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Àwo tó wà níwájú rẹ̀ ti mọ́. Rédíò kékeré náà ti dákẹ́.

"Ẹ jókòó," ó wí. "Ìwọ ni Ọ̀kẹ́rẹ́. Ìwọ lò ń pe ìyàwó mi ní olólùfẹ́ ní ojú mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Ẹ rò pé tí ẹ bá sún sókè, èmi kò lè yí rédíò ni? Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. O mọ̀rọ̀ọ́ sọ díẹ̀." Ó bojú wo ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìyá rẹ kú. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí o jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. O bẹ̀ mí kí n jẹun. Ìyá rẹ kì í bẹ̀ mí, jíjà ló máa ń bá mi jà, ìwọ kò sì lè bú bàbá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ eré."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Nítorí o kò sunkún rí lẹ́yìn ìsìnkú. Ọjọ́ tí o jókòó sí àga rẹ̀ ni ohùn rẹ kọ́kọ́ mí. Mo ní, jẹ́ kí n jẹun, kí ọmọ yìí lè rí ibi tú ọkàn rẹ̀ sí. Èmi ń gbà ọ́ là, ìwọ náà ń gbà mí là, a wá ti ara wa mọ́lé."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Ta ló wá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, Bàbá mi?"

"Òun ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò pẹ́ tí o bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti ṣe tìrẹ tán, òun náà á dé." Bàbá náà gbọn aṣọ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ dáadáa. "Ẹni tí à ń pè ní orúkọ lójoojúmọ́, ṣé kò ní dáhùn lọ́jọ́ kan?"

Ẹ̀rù kò tilẹ̀ ba Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́, ara rẹ̀ kàn tutù. Bàbá náà gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó bó lé ọwọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Mú un lọ," ó wí. "Kó fi orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, bá mi gbé éríà mi padà síbi tó wà."

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ wá kí bàbá náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tó jáde, ó ń fi ìdí gèlè nu ojú. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó báyìí, ọmọ rẹ̀ á mọ ìfẹ́, òun kò sì ní béèrè ọ̀rọ̀ òpó mọ́. Alága ní tirẹ̀ gbọ́ gbogbo ìtàn náà, ó wá wí fún Ọ̀kẹ́rẹ́ pé, "Fi bóòtù tuntun sí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti gbó."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní ìdákẹ́jẹ́. Ìyá ọkọ jó wọlé bó ti ṣèlérí, ó sì tẹ ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tí tọkọtaya gbà kò jìnnà. Ní àárọ̀ ìyàwó á lọ wo bàbá rẹ̀, á sì padà. Bàbá náà ti gbé àga rẹ̀ lọ sínú yàrá rédíò lẹ́yìnkùlé, ó sì ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ so éríà kékeré kan mọ́ òrùlé wọn, ó gbé rédíò síwájú ìyàwó rẹ̀. "Yan orúkọ tó wù ọ́," ó ní. "Tìrẹ gan-an."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ṣì ń rò ó. Ó ń yí ojú rédíò kiri pẹ̀lú ìka méjì. Lójijì, ó dá ọwọ́ dúró.

Ohùn bàbá rẹ̀ ni, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ohùn obìnrin kan ń bá a jà, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un: aṣọ tí kò fọ̀, oògùn tí kò lò, fèrèsé tí kò tì. Ọ̀kẹ́rẹ́ bojú wo ètè ìyàwó rẹ̀. Ó wà ní pípadé. Bàbá náà wí nínú rédíò pé, "Ọmọ wa ti lọ ilé ọkọ. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i," ni ohùn obìnrin náà wí, ó sì rọ̀. "Ó rẹwà."

Ọ̀kẹ́rẹ́ nawọ́ láti yí ohùn náà sókè. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, ó nu ojú rẹ̀, ó sì pa rédíò.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ó wí. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni."